Ọjọ́ Tí Àgbàlagbà Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi ní Fulshear

Ọjọ́ tí mo rí ọ̀nì lójúkojú ò lè kúrò lọ́kàn mi, bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Àárọ̀ Sátidé ni, ní Fulshear, ìlú tí a ń gbé nílẹ̀ òyìnbó báyìí. Mo dúró létí adágún omi tó wà lẹ́yìn ilé wa, ife tíì lọ́wọ́, mò ń wo ohun kan tí mo rò pé igi ni. Igi náà ṣẹ́jú.

Èmi kì í ṣe akọni. Apartment la ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Alief, àdúgbò kan láàárín ìgboro, níbi tí ẹranko tó tóbi jù lọ ò ju aáyán lọ. Ìyàwó mi ló ní ká wá síbi tó láyè. Ẹni tó ta ilé náà fún wa yin omi yẹn títí, kò sọ pé omi náà ti ní onílé tiẹ̀.

Kí n tó sá, mo rí aládùúgbò wa, bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń bọ̀ létí omi pẹ̀lú ajá rẹ̀ kékeré. Fóònù ló ń wò. Ọ̀nì ti yíjú sí wọn, ó ti ń wọ́ gun orí koríko. Bí mi ò bá kìlọ̀ fún bàbá yìí, nǹkan yóò ṣe é. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n gbogbo èdè òyìnbó tí mo ti kọ́ láti ọjọ́ yìí fò lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi, mo kígbe pé, "Láyélò!"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Òṣogbo, kátúùnù kan wà tí gbogbo ọmọ àdúgbò máa ń sáré lọ wò nílé tíṣà kan. Ọmọbìnrin kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ láti erékùṣù dé erékùṣù, ẹranko abàmì sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: òmíràn ní ìwo mẹ́ta, òmíràn ń yọ èéfín létí. Ọmọ náà ò ní ọ̀kọ̀, kò ní ìbọn. Yóò dúró lókèèrè, yóò na àtẹ́lẹwọ́, yóò ní "Láyélò", ẹranko náà yóò sì gbé àgbọ̀n lélẹ̀ bí ọmọ ewúrẹ́. Kò pa ọ̀kan rí. Mo ti wo eré púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó lẹ́wà tó o. A ò gbọ́ òyìnbó dáadáa nígbà náà, a gbà pé ọfọ̀ Yorùbá gidi ni. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ búra pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọmọbìnrin yẹn.

Ọ̀nì ò gbọ́ ọfọ̀ mi. Bàbá ló gbọ́ ọ. Bí mo ṣe kígbe, ó ju fóònù nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ó fọwọ́ méjèèjì bo orí.

Ìtìjú bò mí ju ẹ̀rù lọ. Ẹni tó lè bí mi ń dọ̀bálẹ̀ fún mi! Dípò kí n sọ̀rọ̀ ọ̀nì, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà." Yorùbá ni mo sì fi ń sọ ọ́. Nígbà tí kò dìde, ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí n lè dúró lé e lórí. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, tíì dà sí mi láyà.

Báyìí ni ìyàwó mi ṣe ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn bá wa. Ó ní, "Daddy Tọ́pẹ́, kí lẹ sọ nù?" Mo nawọ́ sí ọ̀nì. Kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Ó fi ṣíbí onígi lu ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ kíkankíkan, títí ọ̀nì fi yí padà tó rì sínú omi.

A ò tíì dìde tán tí ọlọ́pàá dé. Ẹnì kan ti rí wa láti òdìkejì omi, ó sì ti pè wọ́n pé wọ́n ń yìnbọn. Wọ́n ní ká wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà mí gan-an. Bàbá ló gbà mí. Ó sọ fún wọn pé èmi ni mo kígbe pé "lie low", pé òun ti ṣe sójà rí, àti pé bí wọ́n bá ti ní kí sójà sùn mọ́lẹ̀, kì í béèrè ìdí.

Tọ́pẹ́, ọmọ mi tí wọ́n bí síbí, tó ti jáde wá wò wá, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Daddy, so gbogbo ọdún yìí, ẹ ò mọ̀? Lie low ni. Ó ń sọ fún monster yẹn pé kó sùn sílẹ̀ ni." Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe di àgbà tó, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú kátúùnù mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lọ́jọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímú ọ̀nì wá, ó mú ọ̀nì wa, ó dì í lẹ́nu, ó gbé e sínú ọkọ̀. Mo ti sọ fún ọlọ́pàá pé ó gùn tó mọ́tò wa; nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, díẹ̀ ló fi gùn jù mí lọ. Ọkùnrin náà yí gbogbo omi po, ó ní kò ku òmíràn mọ́.

Mo ti kọ́gbọ́n. Bí ewu bá dé, ẹni tó wà nínú ewu ni kí o bá sọ̀rọ̀, ní èdè tó gbọ́. Má ṣe bá ewu náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá ní kí n jẹ́ kí òun náà wo kátúùnù yẹn, nítorí ọmọ tó mọ̀ pé òkèèrè la ti ń bá ẹranko sọ̀rọ̀ gbọ́n ju àwa méjèèjì lọ. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bojú wo omi ná.