Bí Làsísì Ṣe Tún Mọ́tò Inú Kọ̀ǹpútà Ṣe

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko? Àwọn kan á sọ fún yín pé òwe náà dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Wọn ò gbé Ìsẹ́yìn rí.

Làsísì ló dá a sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ àjàgbé lọ sí Sókótó, kò sì kọ lu nǹkan kan rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Múnírá ọmọ rẹ̀ lọ ṣe agùnbánirọ̀, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílé, géèmù eré mọ́tò sì wà nínú rẹ̀. Mọ́tò pupa ni ti Làsísì. Mọ́tò aláwọ̀ ewé ni ti Sàlámátù ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mọ́tò. Ojoojúmọ́ ni Sàlámátù ń nà án nínú géèmù náà. Ó máa ń rọra wa tiẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Ì bá mọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dé etí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Alhaji Bùsárí, ọ̀gá wọn, ní àwọn yóò wá wòran lọ́jọ́ Sátidé. Bí Sàlámátù bá fi lè na Làsísì lójú àwọn, kí Làsísì bọ́ fìlà ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ni Làsísì bá gba ọ̀dọ̀ Gbóyèga tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ. Gbóyèga fi fáìlì kékeré kan hàn án.

"Bàbá, ohun tí ẹ bá kọ síbí ni géèmù máa ń kà kó tó ṣí. Apá òkè ni ti mọ́tò pupa, apá ìsàlẹ̀ ni ti ìyá. Nọ́mbà kan ṣoṣo ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó yí òmíràn. Ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é o."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní mọ́tò?" ni Làsísì wí.

Ó délé, ó ṣí fáìlì. Níwájú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí eré sísá, mẹ́wàá ni wọ́n kọ. Ó sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún. Mọ́tò gbéra, ó wọ inú igi. Ó wá ibi tí wọ́n kọ igi sí, ó sọ igi di òdo. Mọ́tò gbéra, kò bá igi pàdé, ó wọ odò. Ó ní ó wúwo jù ni. Ó sọ ìwúwo di òdo, ni mọ́tò bá léfòó sókè bí ìkuukùu. Kò rántí iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́, ojú sì ń tì í láti padà sọ́dọ̀ Gbóyèga. Ló bá fi ìwúwo àjàgbé tó kó sìmẹ́ǹtì síbẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ó rí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ní apá òkè, tó túmọ̀ sí líle. Inú rẹ̀ dùn. Lójú tiẹ̀, mọ́tò tó bá le kò ní í fọ́. Òdo ló wà níbẹ̀, ó kọ ọgọ́rùn-ún. Kò mọ̀ pé géèmù náà gan-an ni wọ́n ń sọ pé kó le fún ẹni tó ń wa mọ́tò pupa. Ìyẹn ni kò dán wò.

Nígbà tó di Sátidé, awakọ̀ mẹ́tàdínlógún jókòó sí pálọ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Òòrùn ń ràn sórí mọ́tò Sàlámátù, òjò sì ń rọ̀ sórí ti Làsísì nìkan. Àwọn màlúù jáde, wọ́n jẹ́ kí Sàlámátù kọjá, wọ́n wá dùbúlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Làsísì yà fún wọn. Afárá já lábẹ́ rẹ̀, mọ́tò rì pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ǹtì, ó sì ń sá eré ẹgbẹ̀rún nísàlẹ̀ omi. Ọlọ́pàá kan jáde níbẹ̀, ó dá a dúró, ó ní kó mú ìwé ọkọ̀ wá.

Sàlámátù rọra dé òpin, ó wẹ̀yìn. "Bàbá Múnírá, níbo lẹ wà? Mi ò rí yín."

"Mò ń bọ̀," ni Làsísì wí. Ẹja ti ń gba ojú fèrèsé mọ́tò rẹ̀ wọlé.

Alhaji Bùsárí wo mọ́tò aláwọ̀ ewé, kò ní ojú ọgbẹ́ kan. Ó ní, "Èyí tí Ìyá Múnírá fẹ̀sọ̀ mú, kò bàjẹ́." Ó wá yíjú sí odò. "Làsísì, kí lo ṣe sí èyí tí ìwọ fagbára mú?"

Làsísì wolẹ̀. "Mo ní kó le ni, Alhaji."

"Báwo ló ṣe le tó?"

"Ọgọ́rùn-ún."

Sàlámátù ló ń dé fìlà náà lọ sí ìpàdé báyìí. Ẹni tó bá sì ti kánjú mú nǹkan ní Ìsẹ́yìn, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un nìyí: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.