Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Bàbá Ìyàwó Mi Yan Ìbọn

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mo ti ń gbìyànjú láti lé kúrò lọ́kàn mi, àmọ́ ó kọ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Bóyá tí a bá pọ̀ tí à ń rù ú, á fúyẹ́ díẹ̀.

Irọ́ ló bí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà yẹn, Clinton ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni à ń gbé, èmi, Bísí ìyàwó mi, àti Dámi ọmọ wa. Mò ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Hyattsville, ẹni tí a sì jọ máa ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀ ni Kálíbìn, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tó fẹ́ràn ọdẹ ju iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un lé lórí lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹran àgbọ̀nrín gbígbẹ wá, ó ní òun lòun pa á. Ó yẹ kí n jẹ ẹran kí n sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbọ́ràn. Mo ní, "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo pa tèmi. Ọdẹ ni bàbá mi."

Akọ̀wé ni bàbá mi, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí wọ́n pa ni aáyán, bàtà ni wọ́n sì fi pa á. Èmi fúnra mi, ohun tó dún jù tí mo ti yìn láyé mi ni nọ́káòtù ọdún Kérésìmesì, mo sì máa ń di etí kó tó dún. Ṣùgbọ́n Kálíbìn la ojú sí mi tìyanu-tìyanu, adùn ìyanu yẹn sì wọ̀ mí lára. Láàárín ọdún méjì tí a fi jọ jẹun, mo pa ẹfọ̀n, mo pa ìkookò, díẹ̀ ló sì kù kí n pa erin.

Ní ọdún kẹta, nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára igi, Kálíbìn ní ẹ̀gbọ́n òun kan ní ilẹ̀ lápá òkè Maryland lọ́hùn-ún, kí a jọ lọ ṣọdẹ níbẹ̀. Kì í ṣe ìbọn gígùn ló ń lò. Rìfọ́fà ni, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí bí èèyàn ṣe ń yìn ín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi rìfọ́fà pa àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ọdẹ gidi.

"Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó lè ṣe é," ó wí. "Lọ ra tìrẹ. A ó kọ́kọ́ máa yìn ín sí àmì, kó lè mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó lọ."

Ibo ni mo fẹ́ gbà sá?

Bàbá Bísí wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Wọ́n ti Ìgbẹ́tì wá fún oṣù mẹ́ta. Ọdẹ gidi ni bàbá yìí, ogójì ọdún nínú igbó. Ní Clinton, Bísí á lọ síbi iṣẹ́, Dámi á lọ sí ilé ìwé, Bàbá á jókòó sójú fèrèsé, wọ́n á máa wo mọ́tò bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa kà á. Nígbà tí Bísí gbọ́ pé mo fẹ́ ra ìbọn, ojú ẹ̀ le.

"Dadi Dámi, kí lẹ fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ṣé ẹran ti tán ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

Ìgbà tó rí i pé mi ò ní yí padà, ó ní, "Ó dáa, ẹ mú Bàbá dání. Èyí tí wọ́n bá yàn ni kí ẹ rà." Mo gbà. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n ti wọ bàtà kí n tó jẹun àárọ̀ tán.

Kálíbìn ti ń dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe rí Bàbá, ó ní, "Ṣé bàbá rẹ nìyí? Ọdẹ náà?"

Mo ní, "Àwọn ni." Ṣebí nílé wa, bàbá ìyàwó ẹni, bàbá ẹni ni. Ẹ rí i pé mo ti tọ́jú àwáwí kí ẹ tó bi mí.

Ọkùnrin tó ń tajà gbé rìfọ́fà mẹ́ta kalẹ̀. Ó ní èyí kékeré dára fún yíyìn sí àmì, kò sì le lọ́wọ́. Ó ní èyí àárín ṣe é yìn sí àmì, ó sì lè pa àgbọ̀nrín. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Háà! Ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ìka mi tó kéré jù lè wọ ihò ẹnu rẹ̀. Ọta márùn-ún péré ló ń gbà, torí ọta náà ti sanra jù kí mẹ́fà wọ̀ ọ́. Ó ní béà, ẹranko ńlá onírun tó lè pa èèyàn, ni àwọn kan ń fi pa.

Bàbá na ọwọ́ sí èyí àárín. Ọkùnrin náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àlejò tó gba físà wá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi kó wò ó. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹni tó lo ogójì ọdún nínú igbó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, ọmọ akọ̀wé wá lè gbé e bó ṣe wù ú. Bàbá ò bínú. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn.

"Baba Dámi, gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Na ọwọ́ rẹ síwájú, kí o máa kà."

Mo gbé èyí kékeré, mo ka ogún. Mo gbé èyí àárín, mo ka ogún, òógùn bọ́ díẹ̀. Mo gbé èyí ńlá, nígbà tí mo ka dé méje, ẹnu ìbọn náà ti ń gbọ̀n bí ewé kókò.

"Èyí àárín ni," Bàbá wí. "Ìbọn tó bá lágbára ju ẹni tó gbé e lọ, olówó ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ṣe léṣe. Ẹran ò ní bi ọ́ bí ìbọn rẹ ṣe tóbi tó."

Kálíbìn ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo wo èyí àárín. Mo wo èyí ńlá. Mo rántí ẹfọ̀n tí mo pa, mo rántí ìkookò. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé, "Wọ́n ní èyí ńlá ni. Wọ́n ní nílé wa, ohun ìṣeré ọmọdé ni méjì tó kù."

Ọkùnrin tó ń tajà súfèé. Ó bọ Bàbá lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ní ẹ mọ ìbọn, Bàbá."

"Ọlọ́run ló kọ́ wa," wọ́n wí.

Ní Maryland, èèyàn kì í ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Mo buwọ́ lu ìwé, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje. Nítorí náà, Bàbá ò mọ èyí tí mo rà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n láyọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń kọ́ mi ní pálọ̀ bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń mí kí a tó yìnbọn. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ò wọlé, torí mò ń ronú ibi tí mo máa gbé ìwo àgbọ̀nrín mi kọ́.

Sátidé tí ọjọ́ méje náà pé ni ọjọ́ tí mò ń wí. Mo gba ìbọn, a lọ sí ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, Kálíbìn, Bàbá àti èmi. Bí mo ṣe ṣí àpótí, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó.

"Baba Dámi, èyí kọ́ la yàn."

"Bàbá, èyí àárín ti tán lọ́jà."

Wọ́n wò mí. "Tó bá tán, ṣe là ń dúró." Wọ́n lọ dúró sẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú ohun ìdítí lórí fìlà wọn.

Kálíbìn ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú. Mo ní ọwọ́ kan ni bàbá mi fi kọ́ mi. Mo fojú sun àmì. Mo yìn ín.

Mi ò lè sọ bó ṣe dún, torí etí mi kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Ìbọn náà fò sókè, ó yí padà, ó wá bá mi níwájú orí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Gíláàsì ojú mi fọ́ sí méjì. Mo fìdí jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Ọta ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé àmì wà níbẹ̀; iná òkè ló lọ bá, iná náà sì já wálẹ̀. Wọ́n fọn fèrè, gbogbo èèyàn gbé ìbọn wọn sílẹ̀, wọ́n yí mi ká.

Bàbá ti sáré wọlé. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ ń pariwo pé ta ló gbé irú ìbọn yìí fún mi. Kálíbìn ní, "Bàbá ẹ̀ ló yàn án fún un." Ni ọ̀gá bá kọjú sí Bàbá, ó ń na ìka sí wọn lójú, ó ní àgbàlagbà bíi tiwọn, ojú ò tì wọ́n.

Bàbá bi mí pé, "Kí ni ó ń sọ?"

Tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, mo ní, "Ó ní ẹ kú ìtọ́jú mi, Bàbá."

Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Wọ́n rán ọgbẹ́ mi ní ojú márùn-ún ní ilé ìwòsàn kí Kálíbìn tó gbé wa délé. Bísí ṣílẹ̀kùn, ó figbe ta. Kálíbìn ní kó fara balẹ̀, ó ní ìbọn tí bàbá mi yàn fún mi ló tóbi jù.

"Bàbá ẹ̀ wo?" Bísí wí. "Bàbá tèmi nìyí. Bàbá ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́."

Kálíbìn wò mí títí. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, tábìlì mìíràn ló ti ń jẹun ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n Bísí ò rí ti Kálíbìn rò. Bàbá ló kọjú sí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ yan ìbọn yìí? Ẹ̀yin tí mo fọkàn tán! Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó nílẹ̀ onílẹ̀ ni?"

Bàbá wò mí. Gbogbo rẹ̀ ti yé wọn nígbà náà, mo rí i lójú wọn. Mo wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá wí. "Èmi ni. Ojú ti ń di bàìbàì, Bísí. Má bínú."

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní yàrá wọn. Mo ní màá sọ fún un. Wọ́n ní, "Má sọ nǹkan kan. Èmi á padà sílé. Ìwọ ló máa bá gbé. Tó bá mọ̀ pé òpùrọ́ lòun fẹ́, kí ló tún kù fún un?"

Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Bísí sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú, kò bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá fi káàdì tẹlifóònù pè wọ́n, á máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ò tíì yan ìbọn fún ẹlòmíràn?" Bàbá á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí.

Ní ọdún kejì, nínú ọyẹ́, Bàbá kú. Bísí lọ sin wọ́n. Nígbà tó dé, ó ń sunkún ní kíṣìnnì, ó ní òun ò bẹ̀ wọ́n dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí wọn. Ibẹ̀ ni mo ti wá sọ òótọ́, lẹ́yìn tí òótọ́ ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Kò pariwo. Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ sì jẹ́ kí n lọ sin wọ́n bẹ́ẹ̀."

A ṣì ń gbé pọ̀. Mo ti ta ìbọn náà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju báyìí lọ: irọ́ tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pa, ara rẹ̀ ló máa ń nà. Èyí tó bá fi ẹnu ẹni rere pa, ẹni rere ló máa jìyà rẹ̀, òun á sì máa jẹun lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn èèyàn bá bi mí nípa àpá iwájú orí mi, mo máa ń sọ ti iná tó já àti gíláàsì tó fọ́ fún wọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà máa ń bá wọn rín in. Àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, bóyá Bísí wà nítòsí.