Ọ̀nà Tí Mo Fi Aṣọ Pupa Dí

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́: ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi dí ọ̀nà tí wọ́n ní kí n là. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ṣe títí irun mi fi funfun, mo sì ti fi àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn jẹun púpọ̀. Ó yẹ kí n sọ tèmi náà.

Nígbà náà, ìyàwó mi ti kú ní nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn ọmọ wà lókè òkun, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pè. Ilé mi ní Ìkòròdú dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ gbogbo ohun tí fíríìjì ń sọ, nígbà mìíràn mo sì máa ń dá a lóhùn. Ibi tí mo dé nìyẹn tí mo fi gbọ́ nípa àwọn kan tí wọ́n ń la ọ̀nà ẹsẹ̀ láti Ìjẹ̀dé dé Ẹ̀pẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò là á fún mọ́tò, wọn kò là á fún ọkọ̀ ẹrù. Wọ́n kàn fẹ́ kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ rìn ín fún ìgbádùn, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, títí yóò fi yọ sí Ọjà Olúwo, tí yóò ra ẹja jẹ. Mo lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Àgbẹ̀ kan tó dúró tó ń wò wọ́n sọ fún mi pé, "Ẹni tí kò ní mọ́tò ló ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn wọ̀nyí ní mọ́tò, wọ́n gbé e sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀." Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí ìròyìn náà, kò wù mí láti padà lọ bá fíríìjì. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ tèmi náà sílẹ̀.

Àlùhájà kan ni olórí wọn, ọmọ Ẹ̀pẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ ṣì lè mú kíláàsì mẹ́ta jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pín ọ̀nà náà fún wa. Kí oníkálukú máa ṣán igbó ojú ọ̀nà tirẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà yẹ́lò sàmì sára igi níbikíbi tí ọ̀nà bá ti pínyà. Ó ní ẹni tó bá ń tẹ̀lé ọ̀dà yẹn kò gbọdọ̀ ní ìdí láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìpín tó kàn mí wà lẹ́yìn Agbówà, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti àbàtà. Mo ti rò pé èèyàn ni mo ń lọ bá. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú ọ̀nà, òun nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Èrò ń kọjá ni.

Ìtìjú àkọ́kọ́ kò pẹ́ dé. Mo fi àdá ṣán igbó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo ń yin ara mi, àfi bí mo ṣe yọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ kan tí wọ́n fi páànù yí ká. Obìnrin kan yọ orí sókè láti inú rẹ̀, ọṣẹ wà létí rẹ̀. Ìyá Kúdí ni wọ́n ń pè é, mo mọ̀ lẹ́yìn náà. Kò bínú rárá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ ni?"

Ọ̀nà tí òun nìkan ń gbà lọ wẹ̀ ni mo ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí màlúù méjì lè gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìjẹ̀dé kí èmi tó délé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn arìnrìn-àjò àkọ́kọ́ wá gba ọ̀nà wa ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mo gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà lé itan lórí ọ̀kadà. A bọ́ sí kòtò kan, ọmọrí ṣí. Ọlọ́kadà dúró, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó wo ṣòkòtò mi, ó wo ọ̀kadà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti kùn wá tán. Ó ku kí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé sí wa lára." Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù kò tó kun àtẹ́lẹwọ́.

Ẹlòmíràn ì bá pe Àlùhájà. Ọ̀dà wà nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ro ohun tí wọn yóò sọ: bàbá oníròyìn tó la ọ̀nà balùwẹ̀ ti tún da ọ̀dà nù. Àti pé láti ìgbà tí mo ti ń dá gbé, mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ní kí ẹnìkan ran èèyàn lọ́wọ́. Mo lọ sílé, mo ṣí àpótí ìyàwó mi. Gèlè kan wà níbẹ̀, pupa fòò, èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé bí mo bá sọnù lọ́jà, kí n ṣáà máa wo gèlè òun. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú àlùmọ́gàjí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo so àwọn ìrépé aṣọ náà mọ́ igi ní gbogbo oríta, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpín mi dé òpin. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń ká wọn mọ́ ẹ̀ka, wọn kò hàn dáadáa. Mo bá ronú: ó ń fẹ́ ohun tó wúwo díẹ̀ nísàlẹ̀. Ìkarahun ìgbín pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, mo so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí n kò ti rí ìkarahun, mo so ṣùkù àgbàdo. Ó rẹwà lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti ń di ẹnu mú, mo mọ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ní Sátidé, mo gba ọ̀kadà lọ sí òpin ìpín mi láti apá kejì. Mo gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò, mo to ife, mo gbé kúlà omi àti ẹ̀pà kalẹ̀. Mo tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sínú ìwé. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní wọn yóò dé. Aago mẹ́wàá lù, aago méjìlá lù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Mo dìde, mo ka ọ̀rọ̀ ìkíni mi sí àwọn ife létí. Ewúrẹ́ kan wá, ó dúró gbọ́ ọ títí mo fi parí, ó sì jẹ ìwé náà. Àwọn olóòtú kan ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ sí mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ń gbọ́ ohùn èèyàn. Nínú igbó lápá òsì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọjá. Kò sí ẹni tó yọ sí mi.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́lé nígbà tí Ìyá Kúdí jáde láti inú ẹ̀gún, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí, ẹ̀gún ti ya á lára. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi gba ojú ọ̀nà.

"Ọ̀nà wo? Ọ̀nà tí wọ́n pa ààlè sí?"

"Ààlè wo?"

"Ẹ gbọ́ bàbá yìí. Aṣọ pupa, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo. Kí ni wọ́n ń pè é ní Ìkòròdú?"

Ààlè, àmì tí olóhun máa ń fi sára ohun ìní rẹ̀, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Mo ti kọ odindi ojú ewé kan nípa rẹ̀ rí, pẹ̀lú fọ́tò.

Ó ní láti Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo abúlé ti ń gba inú igbó, tí àwọn ọmọ ń pẹ́ dé ilé-ìwé. Àwọn arìnrìn-àjò náà dé láàárọ̀. Àlùhájà rí ààlè àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ sókè, ó sì kó gbogbo wọn gba títì mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ní bí ará ibí kò bá fẹ́ wọn, wọn yóò jáwọ́ nínú ọ̀nà náà pátápátá. Lẹ́yìn náà Ìyá Kúdí rẹ ohùn sílẹ̀.

"A mọ ẹni tó ń pa ààlè sídìí ọsàn. Ẹni tó pa á sí odindi ọ̀nà, ta ló ṣẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi tú u, mo sì sọ fún un pé èmi ni. Ó sún sẹ́yìn tagbọ̀n-tagbọ̀n. "Ẹni tó pa á ní í tú u," ó ní. "Èmi ṣì ní ọmọ tí mò ń tọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, igi kan lẹ́yìn òmíràn. Òórùn kánfọ̀ inú àpótí ṣì wà lára aṣọ náà. Ìyá Kúdí ń tẹ̀lé mi láti òkèèrè. Kì í ṣe àánú: ó fẹ́ rí i bóyá n óò wú ni. Ìkarahun ń dún kókó nínú àpò mi bí mo ṣe ń lọ.

Ní oríta àkọ́kọ́, Àlùhájà ni mo bá, ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó gbé ọ̀rá ẹja yíyan lé ẹsẹ̀. Ó ti fi àwọn èrò sílẹ̀ ní Ọjà Olúwo, ó padà wá fúnra rẹ̀ láti bẹ ẹni tó ni ààlè. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo àpò mi.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, Àlùhájà. Ọ̀dà ló dà nù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀rá ẹja sí mi. "Ẹni tó ni ààlè ni mo ra eléyìí fún. Ẹ gbà. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká kọjá." Ìyá Kúdí jókòó sílẹ̀ nínú koríko nítorí ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àlùhájà mú ìrépé kan, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. "Gèlè gidi nìyí. Ta ló ni ín?"

Mo sọ fún un. Ó ká ìrépé náà dáadáa, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀ bá pè mí," ó ní.

Àwa mẹ́ta la jẹ ẹja náà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn èrò gba ọ̀nà náà, ọ̀dà yẹ́lò ni wọ́n sì tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ààlè kan ṣẹ́kù tí mo gbàgbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Ẹlòmíràn kò lè tú u. Nígbà tí mo lọ tú u, olóko bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ẹnì kan kò fa ẹ̀gẹ́ òun tu mọ́. Bàbá Alààlè ni wọ́n ń pè mí ní abúlé náà báyìí, mo sì ń dáhùn. Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tí kò bá fẹ́ kí ayé máa yà fún òun, kó máa ṣọ́ ohun tó ń so mọ́ ojú ọ̀nà, kó sì pe èèyàn nígbà tí ọ̀dà bá dà.

Bí mo bá kọjá lábẹ́ aṣọ pupa yẹn, ẹ̀rín máa ń pa mí, èmi nìkan. Ohùn kan sì máa ń ti ẹ̀yìn páànù wá: "Ta ló ń dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ tún fẹ́ wẹ̀ ni?"