Herbert Tó Fẹ́ Fi Epo Ẹja Lé Ìbànújẹ́

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Herbert: bó bá ti gbọ́ ìbéèrè, àfi kó dáhùn, ì báà jẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n bi. Ẹ bi ewúrẹ́ ìdí tó fi ń mi irùngbọ̀n, Herbert á ti dáhùn kí ewúrẹ́ tó lanu. Ọmọ dáadáa ni o. Ó ga, aṣọ rẹ̀ kì í rún, akọ̀wé sì ni níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Láfẹ́nwá. Ṣùgbọ́n ogun Hítílà ló bà á jẹ́. Wọ́n kó o lọ sí Íńdíà, wọ́n fi í sí ọsibítù àwọn sójà, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kó máa gbé àwo oúnjẹ fún àwọn aláìsàn. Kó tó padà dé Abẹ́òkúta, gbogbo àwo tó gbé ti di ìwé tó kà. Ó ní dókítà oúnjẹ lòun.

Lydia, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló fẹ́ fi ṣaya. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yìí, Bàbá Ọládipọ̀, káfíńtà pàtàkì ni wọ́n ní Ìgbẹ̀in. Ìyàwó wọn, Harriet, ló kú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni Bàbá ti gbé àga wọn kọjú sí ògiri, oṣù mẹ́fà gbáko. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í rẹ́rìn-ín, wọn kì í fọwọ́ kan ayùn. Òkèlè méjì, wọ́n á ní ó ti tó. Èmi Ìyá Olúṣẹ̀yẹ tí mo kó wá síbẹ̀ kí n lè máa se oúnjẹ fún wọn, bí mo bá ṣe gbé àwo lọ náà ni mo ṣe ń gbé e bọ̀.

Lydia wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ní òun kò ní í lọ sílé ọkọ kí òun fi ògiri ṣe alágbàtọ́ bàbá òun. Ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lòun ń lọ. Àwọn ẹbí Herbert ní Papalanto dúró, dúró, ó sú wọn. Túbọ̀sún, àbúrò bàbá rẹ̀, ránṣẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá kọjá Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn á wá ìyàwó síbòmíì.

Ẹlòmíì ì bá lọ máa bẹ Lydia. Herbert gbé àyà síwájú ní tiẹ̀.

"Ọjọ́ méje péré," ó wí. "Bí Bàbá kò bá rẹ́rìn-ín títí di Ọjọ́ Ìsinmi, kí Lydia fẹ́ ẹni tó wù ú. Dókítà kì í wà nílé kí ojú àna máa ro."

Lydia wo ojú mi. "Ìyá mi, ẹ gbọ́ o. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé àpò kan dé. Sàdíìnì alágolo wà nínú ẹ̀, bisikíìtì tí èèyàn lè fi kan ìṣó wà níbẹ̀, fítámì oníhóró wà níbẹ̀, pupa àti àwọ̀ ìyeyè, àti ìgò epo ẹja kan tó ga tó ọmọ ọlọ́dún méjì. Ó yọjú sí ìdáná mi, ó na ìka sí ìkòkò.

"Láfún nìyí, àbí? Láfún àti ata. Àwọn méjèèjì ló ń dì mọ́ ọpọlọ yín. Láfún kì í wọnú kí ayọ̀ wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Herbert, láfún yìí ni gbogbo Ẹ̀gbá ń jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti dé abẹ́ Olúmọ."

"Ẹ ò wá rí bí gbogbo ìlú ṣe ń bínú lórí owó-orí? Ẹ fún wọn ní fítámì, ẹ wò ó bí ìjà ò ní parí."

Mo bi í bóyá òun náà kì í jẹ ata. Ó ní láti Íńdíà, ata kò kan ahọ́n òun rí, ìdí nìyẹn tí òun kò fi mọ ohun tó ń jẹ́ ìbànújẹ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí nílé wa, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ohun tí Bàbá kò gbọdọ̀ jẹ, òun náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n mo rí i tó gbé itọ́ mì.

Ó bu epo ẹja sínú ṣíbí, ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. Bàbá wo ṣíbí náà bí wọ́n ṣe máa ń wo ògiri. Wọ́n wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Tọ́ ọ wò."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún àgbà, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Herbert gbé e mì. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń ké gbà mí.

"Ó dùn, Bàbá."

"O yára jù. N kò rí i dáadáa. Tún tọ́ ọ wò."

Ó tún un mu. Bàbá ní ṣíbí ọ̀tún làwọn rí, kó fi tòsì mu ún. Ó fi tòsì mu ún. Nígbà tó di ṣíbí kẹrin, Bàbá kọjú sí ògiri padà. "Ó di ìrọ̀lẹ́," wọ́n wí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó máa fi di ọjọ́rú, epo ẹja ti dé ìdajì ìgò, ẹ̀kán kan kò sì kan ètè Bàbá. Bí ọmọdé bá ní ìgò oògùn tó ti àgbà, kò lè ní ọgbọ́n tó ti àgbà.

Ọjọ́rú yẹn náà ni Àsíátù, tó ń dín òjòjò lẹ́bàá rélùwéè ní Láfẹ́nwá, kanlẹ̀kùn wa. Ó gbé abọ́ kan dání.

"Ẹ kúulé o. Wọ́n ní akọ̀wé wà níbí. Ọjọ́ kẹta rèé tí n kò rí i, àyà mi ti ń já. Òjòjò mẹ́wàá ló ń jẹ láràárọ̀, á sì ní kí n bu ata lé e títí ojú òun á fi máa ṣomi. Ṣé kò kú?"

Herbert ní, "Ẹlòmíì nìyẹn, ìyá. Mi ò mọ̀ yín rí."

"Ìwọ kọ́? Gba fìlà rẹ tí o gbàgbé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ó gbé fìlà náà lé e lórí. Ó bá a mu wẹ́kú. Mo wo ẹ̀yìn Bàbá, mo rí i tí èjìká wọn mì lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ikọ́ ni.

Ní ọjọ́bọ̀, epo ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara Herbert jáde. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ẹni tó bá mu epo ẹja, ológbò ló ń tọ̀ ọ́. Mẹ́rin ló tẹ̀ lé e dé ilé wa láàárọ̀, mẹ́sàn-án ló sìn ín lọ nírọ̀lẹ́. Alhájì Jùbrílù aládùúgbò wa ní ológbò kan tó ti fọ́jú, tí kò jáde nílé láti ìgbà ogun; òun náà fi imú tọ ipa wá bá a. Níbi iṣẹ́, wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ síta, pé kòkó ò gbọdọ̀ gba òórùn.

Àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Sàdíìnì àti bisikíìtì nìkan ló ń jẹ láti ọjọ́ Ajé, oorun kò sì wá. Ó jókòó sí ìloro wa, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Mo ní, "Herbert, ṣé òjò á rọ̀ lónìí?" Ó wò mí, kò dáhùn. Ara mi bù máṣọ. Herbert gbọ́ ìbéèrè, kò dáhùn.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Túbọ̀sún ti Papalanto wá, ó jókòó bí adájọ́. Herbert wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, kò dìde mọ́.

Bàbá ní, "Dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n wà níbí, sà. Ilẹ̀ tutù."

Nígbà tó yá, ó dìde, ó wá àpótí kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, ó kọjú sí ògiri. Àwọn méjèèjì wá ń wo ògiri. Túbọ̀sún káṣọ lé èjìká, ó ní ó ti tán nìyẹn, kí àwọn máa lọ. Mo rí omi lójú Lydia. Ó fẹ́ràn aláṣejù yìí, ẹ má jẹ́ kí n parọ́.

Bàbá bá yí àga wọn padà.

"Ọmọ mi, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ayé sú mi, Bàbá. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń jí láàárọ̀."

"O ń sùn?"

"Rárá, sà."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Bí ẹní ń jẹ iyanrìn ni."

Bàbá mi orí. "Mo mọ̀ ọ́n," wọ́n wí. "Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ, ṣé láfún wà nílé?"

Oṣù mẹ́fà tí Bàbá kò bèèrè oúnjẹ. Mo sáré lọ ro ó. Mo gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, ẹja ṣáwá, ata rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n Herbert ká ọwọ́ mọ́ra. Ọkọ ìyàwó tí kò tíì gba ìyàwó, ta ló fẹ́ rí i kó máa bá bàbá ìyàwó tọwọ́ bọ àwo kan? Bàbá wẹ ọwọ́, wọ́n gé òkèlè, wọ́n gbé e mì.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Jẹun."

Herbert wo Túbọ̀sún, Túbọ̀sún wo àjà. Ó bá mú un. Òkèlè kẹta, òógùn bò ó. Òkèlè kẹfà, imú rẹ̀ ń ṣomi, ojú rẹ̀ là. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ní òkèlè kẹwàá. Ó lá ìka, ó gbé e sókè bí olùkọ́.

"Ẹ rí i báyìí, Bàbá? Epo ẹja yẹn, ọjọ́ keje gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Bàbá wò ó. Nǹkan kan dún ní ọ̀fun wọn bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú, omijé ń dà. Mo mọ̀ pé ti Harriet wà nínú omijé yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ṣáájú. Túbọ̀sún tún aṣọ kọ́, ó jókòó padà.

Herbert wo gbogbo wa yíká. "Mo ti wí fún yín," ó ní.

Lydia ní, "Bàbá, ṣé kí n fẹ́ ẹ?"

Bàbá nu ojú. "Fẹ́ ẹ, ọmọ mi. Àmọ́ kí ẹ má kó lọ jìnnà. Mo fẹ́ kí o máa gbé oògùn mi wá fún mi láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ."

Inú Herbert dùn, ó ti ń na ọwọ́ sí àpò rẹ̀. "Èwo ni kó máa gbé wá, sà? Epo ẹja ni, àbí fítámì?"

Lydia ń kó àwo, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìwọ ni," ó wí.