Kèrègbè Ọbẹ̀ Lábẹ́ Agbádá Baálẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè sọ fún mi, kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà? Ẹ fẹ́ sọ pé àgbà mọ àṣírí pa mọ́, àbí? Ẹ káre. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Ogun ló lé Àwẹ̀ró àti orogún rẹ̀ méjì kúrò nílùú wọn. Ìlú méjì ti lé wọn kí wọ́n tó dé Ìbọ̀ṣu, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń fi iyọ̀ jẹ iṣu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó, wọ́n á fi iyọ̀ kún iyọ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú, ó ń fi se ọbẹ̀ ilá. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé fi ń yọ́ wá kọ́ ọ, tí ọkọ tí kì í tètè wálé sì ń sáré wálé.

Inú bí Baálẹ̀. "Òórùn kí nìyí? N ó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi kí n tó lé wọn!"

Ó yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ó gba ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró wọlé, ó yẹ àwo kan wò tán, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé òun, kí wọ́n bu òmíràn. Ọjọ́ méje gbáko ló fi ṣe ìwádìí. Ẹ ò rí i bó ṣe fẹ́ràn ìlú rẹ̀ tó! Láàárọ̀ ọjọ́ keje, ó yẹ àwo mẹ́ta wò, ó nu ẹnu, ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwádìí parí. Òní ni a ó lé yín."

Ní Ìbọ̀ṣu, a kì í fi ẹnu lásán lé àlejò. Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ìlú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ kí ilẹ̀ lè gbọ́; bí ọ̀kan bá yẹ̀, àlejò ò lọ mọ́. Àwẹ̀ró di ẹrù irú rẹ̀, ó jáde síta gbangba. Níbo ni wọ́n tún fẹ́ forí lé?

"Ìyáálé mi, ẹ sọ fún wọn pé ilé wa ni Baálẹ̀ ti ń jẹun!" ni ọ̀kan nínú àwọn orogún rẹ̀ wí.

"Dákẹ́. Àlejò kì í tú àṣírí onílé."

Baálẹ̀ fò lẹ́ẹ̀kíní. Ikùn rẹ̀ dáhùn: pọ̀ṣọ̀rọ̀!

"Ààrá ni," ni Baálẹ̀ wí. Ojú ọ̀run sì mọ́ kedere.

Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó gùnfẹ̀. Òórùn irú gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ó fò lẹ́ẹ̀kẹta, kèrègbè ọbẹ̀ tó gbé pamọ́ sábẹ́ agbádá nítorí oúnjẹ ọ̀sán bá já bọ́, ó fọ́. Ilá dà sílẹ̀. Baálẹ̀ balẹ̀ sórí ilá, ẹsẹ̀ yọ̀, ó fi ìdí kanlẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ títí tó fi dúró níwájú Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baálẹ̀. Ṣé kí n bu òmíràn?"

Ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Òfin sì ni òfin: ẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, ìdí kò sí nínú ìṣirò. Àwẹ̀ró tú ẹrù rẹ̀. Lónìí, àwọn ará Ìbọ̀ṣu á búra fún yín pé baba ńlá àwọn ló kọ́kọ́ se ọbẹ̀ ilá onírú láyé.

Àwọn ìjòyè pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Baálẹ̀ ṣubú náà láti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́. Wọn kò dárúkọ irú rárá. Wọ́n kàn kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà.

Òótọ́ sì ni. Kì í mì, bí àgbà bá lè jókòó jẹ́ẹ́.