Ìjì Ìkàrẹ́ Gbé Itan Àgbò Lọ sí Ọ̀kà

Láti ọjọ́ tí Yẹ̀kínì ti ra kẹ̀kẹ́ eré ìje tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, kò jẹ́ Yẹ̀kínì mọ́. Ìjì Ìkàrẹ́, Asáré-má-làágùn! Ẹnikẹ́ni ò kì í bẹ́ẹ̀ o, òun ló ń ki ara rẹ̀.

Nígbà tí iléyá ku ọ̀la, ó gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Àmúsà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyá Limota, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti ní bó bá gbé itan àgbò iléyá wá sí Ọ̀kà, òun á dá ọjọ́ ìyàwó. Yẹ̀kínì sì ti ránṣẹ́ pé kí gbogbo àdúgbò jáde wá wòran.

"Fíríwíìlì ńlá ló yẹ ẹ lẹ́yìn," Àmúsà wí, ó gbé irin eléyín tí ṣéènì ń yí sókè. "Bí eyín rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni pẹ́dà máa fúyẹ́ tó. O ṣáà mọ òkè Ọ̀kà."

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó tó ìdérí ìkòkò yìí? Ti àwọn arúgbó nìyẹn! Èyí tó kéré jù ni kẹ́ ẹ fi sí i. Òun làwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ ń lò."

"Ṣé àwọn náà ń di itan ẹran sẹ́yìn?"

Yẹ̀kínì na èyí tó kéré jù sí i. Kí lẹni tó ń fọwọ́ gíríìsì jẹ àkàrà mọ̀ nípa eré ìje?

Lọ́jọ́ iléyá, ó so itan àgbò mẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó wọ awò dúdú, ó gbéra. Láti Ìkàrẹ́ dé Àkùngbá, ká sòótọ́, ó sáré. Ó tilẹ̀ ń juwọ́ sáwọn ewúrẹ́.

Ó kan òkè Ọ̀kà, pẹ́dà takú. Yẹ̀kínì dìde lórí ìjókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbin, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná kọjá lára rẹ̀.

"Kú ìrọ́jú, ọmọ mi," ni màmá kí i.

Nígbà tí ajá mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé itan àgbò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè.

Nígbà tó fi dé iwájú ilé Limota lórí òkè, àdúgbò ti tò lọ bẹẹrẹ. Ìyá Limota bọ́ síwájú tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọkọ ìyàwó wo ló máa nàró gbọnrangandan níwájú ìyá ìyàwó? Yẹ̀kínì jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà.

Kẹ̀kẹ́ ò bá a dọ̀bálẹ̀. Ó yí po, ó kọrí sí Àkùngbá tòun titan àgbò, àwọn ajá sì gbá yá a.

"Háà, ó mà ń sáré o!" ni ẹnì kan pariwo.

Limota jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde. Ojú ti Yẹ̀kínì débi pé kò lè gbórí sókè.

Ìyá Limota ń wo ìsàlẹ̀ òkè títí àwọn ajá fi wọ́ itan wọgbó.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Ó di iléyá àmọ́dún ká tó dá ọjọ́. Kó o fẹsẹ̀ rìn wá."