Báàgì Dúdú Tí Mo Gbé Wọ Bàrígà

Ọjọ́ kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn, tí kò fẹ́ dìde níbẹ̀ mọ́. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan. Àní lánàá yìí, mo wá gíláàsì mi títí ó fi rẹ̀ mí, àṣé ojú mi ló wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbé báàgì dúdú kan wọ Bàrígà, mo rántí rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Fọtọ́gíráfà ni ọkọ mi, Ṣómólú la sì ń gbé. Yàrá kan la fi ń sùn, ìkejì ni ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti kọ́ mi níṣẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀: mo mọ bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù bọ kámẹ́rà, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nínú yàrá òkùnkùn. Iṣẹ́ tèmi gan-an ni kí n tún oníbàárà ṣe kó tó jókòó. Màá fi àtíkè pa iwájú orí tó bá ń dán, màá ya irun tó bá rú, màá rán bọ́tìnnì tó bá já. Bí a bá ń lọ síta, ọkọ mi á gbé kámẹ́rà nínú àpótí onígi, èmi á gbé agbọ̀n tèmi tẹ̀lé e.

Ó wá di ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ gbé ọkọ mi ṣubú ní Onípanu. Àpótí fọ́ pátápátá. Nǹkan kan ò ṣe kámẹ́rà, torí pé orí ẹsẹ̀ ọkọ mi ló bọ́ sí. Ẹsẹ̀ ló dá. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Igbóbì, wọ́n fi nǹkan funfun tó le bí òkúta wé ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì so ó rọ̀ sókè bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Bọ̀dé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé, ẹja ni gbogbo ẹbí wọn ń pa. Ó ní ọkọ̀ òkun máa gbé òun lọ sí ìlú òyìnbó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òun ń lọ kàwé.

"Àǹtí, ìyá mi ò ya fọ́tò rí láyé ẹ̀," ló wí. "Ọjọ́bọ̀ nìkan ni kì í lọ sójú omi. Ẹ bá mi wá yà á kí n rí nǹkan mú dání."

Mo bi í pé ọdún mélòó ló máa lò níbẹ̀. Ó ní wọ́n ní márùn-ún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ń fi àtàǹpàkò ra etí tábìlì. "Ìyá mi ti dàgbà, Àǹtí." Mo ní kó máa lọ, pé màá wá.

Mo sáré lọ sí Igbóbì lọ sọ fún ọkọ mi. Inú ẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á.

"Má gbé kámẹ́rà mi sínú agbọ̀n ẹ o," ló wí. "Àtíkè á wọ̀ ọ́ lójú. Wá báàgì kan tó máa gba kámẹ́rà àti gbogbo wọ́ńrán-wọ̀nran ẹ, kí oníkálukú ní àyè tiẹ̀. Kí òjò má lè wọ̀ ọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí ẹni tó bá rí i má mọ̀ pé kámẹ́rà ló wà níbẹ̀. Olè pọ̀."

Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí kò lè yí ọrùn, ní kí n ra èyí tó ní okùn tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Nọ́ọ̀sì ní rárá, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé ló dáa, kó sáà fúyẹ́. Ìyàwó ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta ní apẹ̀rẹ̀ ló ń gba ẹrù jù. Ìgbà tí mo fi jáde níbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá báàgì ni mo fẹ́ rà ni àbí ilé.

Mo lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta ẹrù àlòkù ní Onípanu. Mo ṣí báàgì kan, mo pa á dé. Mo ṣí òmíràn. Èkíní rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, kámẹ́rà á kàn rì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni. Èkejì lẹ́wà, ó pupa, ó ń dán, ẹni tó bá rí i á béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbé ìyàwó. Mo padà sí èkíní. Mo tún padà sí èkejì.

"Ìyàwó," ni bàbá náà wí, "láti àárọ̀ lo ti ń ṣí wọn tí o ń pa wọ́n dé. Ṣé ọkọ lo fẹ́ gbé sínú ẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kámẹ́rà ni, àti kóòmù, àti àtíkè, àti abẹ́rẹ́ òun òwú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá fa ọ̀kan yọ lábẹ́ tábìlì. Awọ dúdú ni, ó le, ìdè irin sì wà lẹ́nu ẹ̀. Mo ṣí i. Áà! Inú ẹ̀ pín sí yàrá yàrá bí ilé àyágbé. Àpò kékeré wà lọ́tùn-ún, àpò kékeré wà lósì, àárín fẹ̀ bíi pálọ̀.

"Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló tà á fún mi nígbà tó fẹ̀yìn tì," ló wí. "Ogún ọdún ló fi gbé e, ìdè ẹ̀ ò sì yẹ̀."

Mo fa ọwọ́ ẹ̀, kò já. Mo bu omi sí i lára, kò wọlé. Mo wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, kò jọ báàgì kámẹ́rà rárá. Mo rà á. Mi ò béèrè irú iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀gá náà ṣe. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Lọ́jọ́bọ̀, mo to ẹrù mi. Kámẹ́rà ń gbé pálọ̀, fíìmù ń gbé yàrá ọ̀tún, àtíkè àti kóòmù ń gbé yàrá òsì, abẹ́rẹ́ wà nínú agolo pẹlẹbẹ kan níwájú. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, ni mo bá wọ kóòtù kakí ọkọ mi, mo ki ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé bọ abíyá, ó di Bàrígà.

Ọ̀nà ni nǹkan ti kọ́kọ́ rú mi lójú. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ rí mi, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà!" Ó dìde, ó sì sáré lọ fi ọmọrí dé ìkòkò. Ọkùnrin kan yọ fìlà fún mi. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, báàgì tó dáa ń sọni di èèyàn! Mo na ọrùn, mo ń rìn bí ìyàwó gómìnà.

Bí mo ṣe ki ẹsẹ̀ kan bọ àgbàlá ilé Bọ̀dé ni ọmọ kan figbe bọnu: "Wolé-wolé dé o!"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ wọ́n. Àwọn wolé-wolé ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ń wọ kakí, tí ń gbé báàgì dúdú ya ilé kiri, tí ń yọjú sínú àmù omi. Bí wọ́n bá fi lè rí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn, nínú omi rẹ, ilé ẹjọ́ yá. Kò sí obìnrin tí kì í sá fún wọn.

Èmi náà sá. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ mi ná: wọ́n ní wolé-wolé dé, ṣé kí n dúró kí wọ́n bá mi níbẹ̀ ni? Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan. Mo bá àwọn obìnrin wọ ilé ìdáná, a jọ ń gbé àmù, a jọ ń da omi nù. Mo ń sọ fún wọn pé, "Ẹ ṣe kíá, ẹ ṣe kíá, wọ́n á ti dé ìta!" Àmù mẹ́ta ni mo bá wọn dà, báàgì ò sì kúrò lọ́wọ́ mi.

Obìnrin kan gbójú sókè. Ó wo báàgì. Ó wo kóòtù. Ó wo ojú mi. Ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìkòkò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí, "ṣé ẹ̀yin kọ́ ni wolé-wolé ọ̀hún?"

Èmi ni mo wá di òmùgọ̀ níbẹ̀. Mo wo ara mi láti òkè délẹ̀, ó wá yé mi irú iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀gá tó ta báàgì yẹn ṣe. Mo ní, "Rárá o, fọtọ́gíráfà ni mí, ìyá Bọ̀dé ni mo wá yà." Ni gbogbo wọn bá pariwo: "Yéè, Màmá ti lọ!"

Ìyá Bọ̀dé ló ní àmù tó tóbi jù nínú ilé náà, kò sì bò ó. Bó ṣe gbọ́ wolé-wolé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń wà á lọ. Mo sáré dé etí ọ̀sà. Ojú ọ̀run ti là, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Bí oòrùn yẹn bá lọ, fọ́tò ò sí mọ́ nìyẹn, ọkọ̀ Bọ̀dé sì ń gbéra láàárọ̀ ọ̀la.

"Màmá, ẹ padà wá! Fọtọ́gíráfà ni mí!"

"Irọ́ ni!" ló fèsì láti ojú omi. "Fọtọ́gíráfà wo ló ń gbé báàgì wolé-wolé?"

"Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n fi kámẹ́rà hàn yín!"

Mo ṣí báàgì. Ojora ti mú mi débi pé mi ò mọ yàrá tí mo fi ẹnì kankan sí mọ́. Mo fa kóòmù yọ. Mo dá a padà. Mo fa àtíkè. Mo wá fa agolo pẹlẹbẹ yẹn, ó ṣí lọ́wọ́ mi, abẹ́rẹ́ sì dà sílẹ̀ wàràwàrà.

"Abẹ́rẹ́!" ni àwọn ọmọ ké. "Àwọn tó ń bupá ni!"

Àgbàlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòrò tún fọ́n ká. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ sá, ọ̀kan gun igi. Ìyá Bọ̀dé tún wa ọkọ̀ síwájú.

Ibẹ̀ ni Bọ̀dé bá wa. Ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn ló ti ń bọ̀. Ó wo omi tó ṣàn kálẹ̀, ó wo èmi tí mo kúnlẹ̀ tí mò ń ṣa abẹ́rẹ́. Ó pe ìyá ẹ̀ títí ọkọ̀ fi sún mọ́ etí omi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kọ̀ jálẹ̀.

"N ò ní sọ̀ kalẹ̀ títí wọn ó fi gbé báàgì yẹn kúrò níwájú mi!"

"Àǹtí," ni Bọ̀dé wí jẹ́jẹ́, "oòrùn ń lọ."

Mo yọ kámẹ́rà, mo ju báàgì sẹ́yìn. Mo ká kóòtù sókè, mo wọ inú omi. Ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà mì, ó ń gbé tèmi náà mì. Mo yà á lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ mì. Mo yà á lẹ́ẹ̀kejì, Màmá kẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yíjú, ó gbé àjẹ̀ sókè, ó sì ń bú mi ní èdè Ìlàjẹ. Mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo tẹ kámẹ́rà.

Aṣọ tí Màmá fẹ́ wọ̀ fún fọ́tò náà wà nílé níbi tí wọ́n ká a sí. Kò sí àtíkè, kò sí kóòmù. Ìró tó fi ń yan ẹja ló wà lára ẹ̀.

Mo fọ fíìmù lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ìtìjú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bọ̀dé yà pẹ̀lú àpótí ẹ̀ lórí. Mo tẹ́ fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ẹ̀, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó gbé ìkẹta. Ó wò ó, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń já bọ́ lójú ẹ̀.

"Èyí ni n óò mú lọ, Àǹtí. Bí mo bá ń wò ó lọ́hùn-ún, n óò máa gbọ́ ohùn ẹ̀."

Nígbà tí mo ròyìn fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ ń fì, nọ́ọ̀sì sì lé mi jáde.

Ohun tí mo kọ́ ò ju èyí lọ. Bí o bá fẹ́ ra báàgì àlòkù, fa ọwọ́ ẹ̀ wò, bu omi sí i lára wò, ka yàrá inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbé e kẹ́yìn. Mo fi aṣọ olódòdó bo tèmi láti òkè délẹ̀, mo sì lò ó pẹ́. Síbẹ̀, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀fọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àgbàlá yẹn fún odindi oṣù kan. Mo ṣiṣẹ́ wolé-wolé fún ìjọba òyìnbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì ṣe é dáadáa, nígbà tí mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Títí dòní, bí mo bá rántí àmù mẹ́ta tí mo fọwọ́ ara mi dà nù, èmi nìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ilé, àwọn ọmọ-ọmọ mi á sì máa wo ara wọn lójú.